Ààwẹ̀ Tí Mo Gbà Nítorí Àga Dókítà Eyín

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe láyé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, ó ní, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ rò pé ó yẹ mí?" Mo ní kó má ṣe iṣẹ́ tó bá ń bà á lẹ́rù. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé tiyín ò bà yín lẹ́rù ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ọmọ náà ò mọ ohun tó bi mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá àwọn dókítà eyín ṣiṣẹ́, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, mo sì bẹ̀rù àga dókítà eyín ju bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù ejò lọ. Orí èèyàn tí mo ti dì mú lórí àga yẹn, mi ò lè kà á. Ṣùgbọ́n ìdí tèmi ò kàn án, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi ni ọ̀bẹ náà.

Rísíkátù ni orúkọ mi. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni wá, àwa tí àwọn bàbá ńlá wa bá ogun kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nílé wa, a kì í fẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní ojo. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni láti kékeré. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló dá a sílẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà tí eyín ń ro wọ́n. Ọkùnrin kan máa ń wá sétí ọ̀sà lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀mú kan ló ní, àti ìgò ògógóró kan. Ó ní kí Bàbá Kékeré jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Apẹja méjì dì wọ́n lápá. Ọkùnrin náà ṣí ìgò ògógóró, mo rò pé aláìsàn ló fẹ́ fún, àṣé òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ mu ún. Igbe tí Bàbá Kékeré ké, gbogbo ọjà ló dákẹ́. Eyín méjì ló jáde, ọ̀kan nínú ẹ̀ ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tọ̀ sára níbi tí mo dúró sí.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ ò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo kọ̀wé síjọba, wọ́n ní kí n wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Mo ti ń lálàá pé ọmọ tuntun ni màá máa gbé. Wọ́n ní ibẹ̀ ti kún, ẹ̀ka eyín ló ku àyè. Mo fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n bàbá mi ti fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ yẹn han gbogbo àdúgbò. Owó oṣù náà, ẹ má bi mí. Olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín ni wọ́n kọ síwèé mi, ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú nígbà yẹn, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun tí kì í ṣe ọmọ Sẹ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Bí mo ṣe di Nọ́ọ̀sì Rísì nìyẹn.

Ọ̀gá mi ni Dókítà Káyọ̀dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ṣòkòtò rẹ̀ kì í hunjọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù ẹni tó ń pariwo, ẹ ò mọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́. Màá fọ̀ ọ́ tán, á wo èékánná mi, á ní, "Rísíkátù, padà lọ." Màá tún fọ̀ ọ́. "Padà lọ." Àwọ̀ ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lẹ́yìn náà ló wá kan irinṣẹ́. Dókítà kì í béèrè irinṣẹ́, á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láìwojú ẹni, ìwọ lo gbọ́dọ̀ mọ èyí tó fẹ́. Tó o bá fi èyí tí ò tọ́ sí i lọ́wọ́, á rọra jù ú sílẹ̀. Ohun tó bá sì ti kan ilẹ̀, ó di kí o tún un sè.

Sísè ni, mo sọ ọ́ dáadáa. Sítóòfù kẹrosíìnì la fi ń se irinṣẹ́ nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Mo ń sọ fún yín pé iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé ẹ̀wà á rọ̀, ẹ̀mú ò ní rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí ebi ń pa mí, mo fi ẹyin adìẹ kan sínú ìkòkò náà, mo ní ṣebí omi gbígbóná ni gbogbo ẹ̀. Dókítà wọlé, ó ṣí ìkòkò. Ó wo ẹyin, ó wò mí, ó wo ẹ̀mú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Kò bú mi. Ó fa ẹyin náà yọ, ó gbé e sínú àwo, ó fà á sí iwájú mi, ó ní, "Jẹ ẹ́." Mo wo ẹyin. Mo ronú gbogbo ẹnu tí ẹ̀mú yẹn ti wọ̀. "Mi ò lè jẹ ẹ́, sà." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ti mọ ìdí tí a fi ń sè é." Mo se irinṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ebi mi.

Òfin rẹ̀ kan wà tí mi ò tẹ̀ lé. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ parọ́ fún aláìsàn. Tí abẹ́rẹ́ bá máa ta á, ká sọ pé á ta á. Èmi ò gbà. Lójú tèmi, aláìsàn tó bá gbọ́ òótọ́, ilé ló ń lọ. Tí Dókítà bá ti yíjú, màá bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ aláìsàn, màá ní, "Má foyà, kò ní dùn ẹ́ rárá. Bí ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ pa ẹ́ lórí ni." Bíríkìlà kan wà tó gbà mí gbọ́. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó fò dìde, ó fi aṣọ àyà tí a so mọ́ ọn lọ́rùn sáré jáde, dígí kékeré tí a fi ń wo eyín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lé e. Mo lé e dé àdúgbò Lásùnwọ̀n. Gbogbo ará àdúgbò ń pariwo, "Kí ló jí?" Nígbà tí mo bá a, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gba dígí yín, ẹ jẹ́ kí n máa bá eyín mi lọ." Mo gba dígí. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, ìlara rẹ̀ ń jẹ mí, nítorí òun lè sá.

Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ jókòó kí òun yẹ ẹnu wọn wò, ọdọọdún sì ni. Ó ní ẹni tí ò bá jókòó sórí àga yẹn rí, kò lè mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ọjọ́ Àtìní ló mú. Ìyá Bọ́lá tó ń kọ káàdì jókòó, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí. Ni ẹnu mi bá ṣí fúnra ẹ̀, ó ní, "Mo gbààwẹ̀, sà."

Dókítà ní, "Ààwẹ̀ kẹ̀? Ṣebí Ramadan ti lọ."

Mo ní ààwẹ̀ náwàfílà ni, èyí tí àwa Mùsùlùmí máa ń gbà ní Àtìní àti Àlàmísì. Onígbàgbọ́ ni Dókítà, kì í fi ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ṣeré. Ó ní kò burú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rò pé mo ti yọ. Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i ni. Ọ̀sán pọ́n, Ìyá Bọ́lá ṣí abọ́ ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ sè, ẹ bá mi sọ ọ́. Òórùn náà wọ gbogbo yàrá. Ó na ṣíbí sí mi, ó tún rántí, ó ní, "Áà, ẹ má bínú o, alááwẹ̀." Mo lọ jókòó síbi tí a ti ń fọ irinṣẹ́, mo ń gbé itọ́ mì. Ọjọ́ Àlàmísì dé, mi ò tún lè jẹun níwájú wọn, ẹnu mi ló ṣáà sọ ọ́. Àtìní tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bí ààwẹ̀ tí mi ò gbèrò ṣe di tèmi nìyẹn. Níkẹyìn mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sààrì, mo ń gbèrò ẹ̀ gan-an, nítorí tí ebi bá máa pa mí náà, ẹ jẹ́ kí n rí láádá níbẹ̀.

Lọ́dún kejì, Dókítà gbọ́n, ó mú ọjọ́ Àlàrùbá. Mo ti relé ọkọ nígbà yẹn, mo ní mò ń san ààwẹ̀ tí mo jẹ nígbà tí mo wà nínú oyún. Lọ́dún kẹta ó mú Àtàláátà. Mo ṣì ń san án. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Rísíkátù, báwo ni gbèsè tí o jẹ Ọlọ́run ṣe pọ̀ tó báyìí?" Mo fojú sílẹ̀ bí ẹni mímọ́.

Wọ́n wá ń pè mí ní Àlájà. Èmi tí mi ò dé Mẹ́kà, mi ò tíì dé Ìlọrin pàápàá. Ìyá Bọ́lá ní kí n bá òun fi ọmọ òun tó ń wáṣẹ́ sádùúà nígbà tí mo bá fẹ́ ṣínu. Mo ṣe é, kí n lè simi lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ náà ríṣẹ́ lóṣù yẹn. Ó parí! Gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́. Àwọn tó ń fọṣọ wá, àwọn tó ń ṣọ́ géètì wá, wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ àdúà fún mi. Ọkọ mi, Àlájì Múfú, ń fi mí yangàn ní mọ́sálásí, ó ní ìyàwó òun ò mọ̀ ju ààwẹ̀ lọ. Ojú ń tì mí, ẹ gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn ìrun màá ní, "Ọlọ́run, Ìwọ mọ̀ pé àga dókítà ni mò ń sá fún. Forí jì mí, kí O sì bá mi gba ti Ìyá Bọ́lá."

Ẹ̀rín lèyí tí mo ti ń sọ látẹ̀yìn. Èyí tó kàn kì í ṣe ẹ̀rín.

Bàbá kan wá láti Ìmọ́tà, àgbẹ̀ onírẹsì ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀, tí a bá ti pe nọ́ńbà rẹ̀, á ní kí ẹni ẹ̀yìn òun kọ́kọ́ wọlé. Níkẹyìn ó nawọ́ pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àṣírí ni o. Eyín ẹ̀yìn ni ò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níwájú níbí tó ti ń mì tipẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyẹn ni kó o sọ fún Dókítà pé ó ń ro mí. Kí wọ́n fi dán an wò. Tí mo bá rí i pé kò pa mí, màá padà wá fún ti ẹ̀yìn."

Ẹlòmíràn ì bá ti bú sẹ́rìn-ín, tàbí kó lọ sọ fún Dókítà. Lójú tèmi, ọgbọ́n àgbà ni. Mo ní bàbá yìí lórí pípé, tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá ṣe gan-an nìyẹn. Mo kọ eyín iwájú sínú káàdì. Dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó fi irin kan eyín ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, èyí ti ní ihò ńlá. Ṣé kì í ṣe òun ló ń ro yín?" Bàbá ní rárá. Dókítà yíjú sí mi. "Rísíkátù, kí ni wọ́n sọ fún ọ?" Mo ní, "Èyí tó ń mì yẹn ni, sà. Wọ́n ní àwọn máa padà wá fún ìkejì." Ó yọ ọ́. Kò gba nǹkan kan. Bàbá dìde, ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́, ó tọrọ eyín rẹ̀, ó fi ìwé wé e, ó ní òun ń lọ sọ ọ́ sórí òrùlé kí alángbá má bàa gbé e. Mo ní, "Bàbá, ṣé òmíì máa hù ni?" Ó ní, "Ta ló mọ̀ fún Ọlọ́run?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Kò lè ya ẹnu, kò lè gbé itọ́ mì, mímí ń ni ín lára. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Dókítà Káyọ̀dé lókè. A gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá láìdúró, Dókítà jókòó sí ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi jókòó sí ìkejì. Ìyàwó bàbá náà ń di mí lọ́wọ́ mú, ó ń ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ ti yọ eyín yẹn? Kí ló tún kù?" Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tèmi, ẹnu tí mo pa mọ́ ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá oníbàbá.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, mo jẹ́wọ́ fún Dókítà. Ó ní, "O mọ̀ pé irọ́ ni, o sì jẹ́ kí n yọ ọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, sà. Mo mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n."

Ó ní, "Má sọ fún aláìsàn kankan mọ́ pé kò ní dùn ún. O ò mọ̀. O ò jókòó síbẹ̀ rí." Ó fún mi ní kúẹ́rì, mo dá a lóhùn, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Ọlọ́run yọ bàbá náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè jẹ ẹ̀kọ. Ìgbà tó gbádùn, ó gbé ìrẹsì wá fún mi, ó ní èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó gbọ́ tòun. Mo lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn mi ò purọ́ fún aláìsàn mọ́, tí wọ́n bá bi mí pé ṣé ó dùn, màá ní kí wọ́n bi Dókítà. Ṣùgbọ́n ṣé mo jókòó? Mi ò jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n tún fẹ́ yẹ ẹnu wò, ààwẹ̀ ni mo gbà.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi wá sí Ẹ̀pẹ́, ìlú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ayé ń yí. Sítóòfù lọ, ẹ̀rọ ìsèǹkan tó ń fọn bí ọkọ̀ ojú irin dé. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì tí à ń pọ́n lórí òkúta lọ, tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù dé. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ eyín tẹ́lẹ̀, okùn ló ń yí i, gbogbo orí aláìsàn ló máa ń gbọ̀n. Ti ìsinsìnyí, omi ló ń tú, kò sì ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Fàdákà tí mo ń fi ọmọ odó lọ̀ fún dídí ihò eyín, wọn ò lò ó mọ́. Nǹkan funfun kan ni wọ́n ń fi sí i báyìí, wọ́n á wá tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, á le gbagidi. Mo kọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, tẹ́ ẹ bá wọ iṣẹ́, ẹ má bá irinṣẹ́ tuntun jà, nítorí ẹ ò ní borí. Ohun kan ni ò yí padà: àwọn èèyàn ṣì ń fi omi bátìrì sí eyín, wọ́n ṣì ń sá. Èmi náà ṣì ń sá, mo kàn ń gbowó oṣù lórí tèmi ni.

Ó wá ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Eyín ẹ̀yìn mi lápá òsì ti ń ta mí lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Tí mo bá mu omi tútù, màá fò. Mo ń fi kànáfùrù sí i, mo ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, apá ọ̀tún nìkan ni mo fi ń jẹun. Iléyá dé, mo gbàgbé ara mi, mo fi apá òsì họ eegun àgbò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá tó mọ́ tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú. Àlájì wò mí nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó ní, "Rísì, ẹran ta lo fi pamọ́ sẹ́nu?" Mo fi ìbomú bo gbogbo ẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.

Dókítà wa nígbà yẹn ni Dókítà Ẹniọlá, obìnrin kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé ìwòsàn wa. Ó kí mi, mo mi orí. Ó ní, "Màmá, ohùn yín dà? Ẹ yọ ìbomú yẹn kí n rí yín."

Ẹnu mi tún ṣí fúnra ẹ̀. "Mo gbààwẹ̀, Dókítà."

Ó ní, "Kí ló pa ààwẹ̀ àti ìbomú pọ̀?"

Mùkáílà tó ń gbálẹ̀ kílíníìkì wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Alífà ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ládùúgbò rẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní, "Màmá, ààwẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá? Ṣebí èèwọ̀ ni! Àbí ẹ̀sìn mìíràn lẹ ti ń ṣe?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti tó ọgbọ̀n ọdún kó tó bá a, alífà tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ló sì bá a. Mo yọ ìbomú. Dókítà Ẹniọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ya ẹnu, ìka méjì ò gba ibẹ̀ kọjá. Ó fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n mi, ó béèrè bóyá itọ́ ń lọ. Mo ní ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ ohun tó ń bọ̀ jù mí lọ. Lónìí, mo ṣì lè ṣe é níbí. Tó bá di ọ̀la, mi ò lè ṣèlérí. Ẹ jókòó."

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ọrùn bàbá Ìmọ́tà ni mo rí. Mo sì wo àga yẹn, mo ní mo fẹ́ lọ kírun àìlà ọ̀sán ná. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.

Mo jáde. Mo kọjá níwájú àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì, mo kọ́kọ́ ń rìn, ó di sísá. Àgbàlagbà bíi tèmi, híjáàbù ń fẹ́ lẹ́yìn mi! Mo dé géètì, mo dá ọlọ́kadà dúró. Ó ní, "Màmá, níbo?" Mo fẹ́ sọ orúkọ àdúgbò mi, ohùn ò jáde dáadáa. Itọ́ ló jáde, ó dà sí mi lára, mi ò sì lè gbé èyí tó kù mì. Ọlọ́kadà wò mí, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ṣebí ilé ìwòsàn lẹ ti ń jáde yìí? Ẹ padà wọlé, ẹ jọ̀ọ́." Mo rò ó pé wọ́n á sọ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ mi pé eyín ló pa nọ́ọ̀sì eyín. Ẹ̀rù ikú bà mí, ìtìjú sì tún lé e lórí. Mo padà. Kò sẹ́ni tó dì mí lápá.

Mo fìdí kan àga náà, mo dùbúlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni òkè àjà. Ẹ ẹ̀ rí i pé gbogbo òkè ibẹ̀, jáńkáríwọ̀ ni! Láti ọdún tí mo ti ń bójú tó ìmọ́tótó yàrá yẹn, ohun tí àwọn aláìsàn ń wò nìyẹn, mi ò sì mọ̀, nítorí òòró ni mò ń dúró. Dókítà Ẹniọlá gbé abẹ́rẹ́. Mo ní, "Má parọ́ fún mi." Ó ní, "Mi ò ní parọ́. Ibẹ̀ ti wú, abẹ́rẹ́ yìí máa dùn yín gan-an. Ẹ ka ení dé ogún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa mọ̀ pé mò ń tì, ẹ ò ní mọ ìrora."

Ó dùn mí. Mo pe ìyá mi, ẹni tó ti kú tipẹ́. Mùkáílà di ọwọ́ mi mú, ó ń ka Fátíhà, mo fún ìka rẹ̀ títí tí Fátíhà fi dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ka ení dé mọ́kànlá, ètè mi di ti ẹlòmíràn. Mo di ojú, mò ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Ó ń tì, ó ń tì. Mo fi ahọ́n tó ti kú sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ká lè tètè parí ẹ̀." Ó gbé àwo kékeré wá síwájú mi. Eyín mi ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú bí mi! Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ nìyí?" Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Màmá." Mo ro gbogbo Àtìní àti Àlàmísì ayé mi, mo bú sẹ́kún lórí àga yẹn. Dókítà rò pé ó ń dùn mí, ó fẹ́ tún gún mi lábẹ́rẹ́. Mùkáílà ló ní kó fi mí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún, ó pẹ́ tó ti wà nínú wọn."

Mo jáde pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Àwọn mẹ́fà ló wà lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn ló ti rí mi nígbà tí mò ń sá lọ àti nígbà tí mo padà wá. Obìnrin kan tó wá láti Pópó Ọbá, tó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ló wà ní ìpẹ̀kun níwájú ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀yin náà ni wọ́n yọ tiyín? Ṣé ó dùn?"

Mo yọ òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ẹ̀ dùn mí gan-an. Mo pe ìyá mi. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, mi ò mọ ìgbà tó jáde."

"Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu yín."

"Mo mọ̀. Á dá."

Ó wo ojú mi, ó wo géètì, ó tún wo ojú mi. Dókítà pe ẹni tó kàn láti inú yàrá. Obìnrin náà wọ bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú. Ẹ má lọ o." Ó wọlé. Mo jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn, báàgì obìnrin náà lórí itan mi, títí ó fi jáde.